Òmìnira Ẹnu àti Ìrẹ́pọ̀ Àwọn Ẹlẹ́sìn: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìjọ

 

Ìtàn bí ìjọ ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́lé, àti ti àwọn tí ó sìn títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó rí kà ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé ìrántí yìí. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni àwa fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín, nítorí pé ó kan ìtàn àná, ó sì kan àlàáfíà ọ̀la. Ọ̀ràn náà ni èyí: bí ènìyàn bá kọ ohun kan, tàbí tí ó sọ ohun kan, tí ó sì dun àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, kí ni ó tọ́ láti ṣe? Ǹjẹ́ a lè gbèjà ẹ̀tọ́ ẹni náà láti sọ̀rọ̀, kí a sì tún wá àlàáfíà lọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn? Àwa gbàgbọ́ pé a lè ṣe méjèèjì, àti pé ẹni tí ó bá ṣe ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ọ̀ràn yìí kan àdúgbò wa gidigidi. Ìjọ wa ti wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ó sì ti wà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó gba ilẹ̀ oko ní ọ̀nà Ṣágámù, níbi tí a ń pè ní Ikorodu Industrial Estate lónìí. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ni o mọ̀, o sì mọ baba rẹ̀. Nísinsìnyí, ní Odógunyàn, ènìyàn láti ìlú gbogbo ni ó ń wọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan náà ní òwúrọ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ ọmọ ìjọ wa, èkejì ti mọ́sáláṣí dé, ẹ̀kẹta sì ń bọ òrìṣà ilé baba rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń dúró tì. Bí ọ̀kan bá fi ìbínú mú ojú kúrò lára iṣẹ́, ẹ̀rọ lè gé ọwọ́ èkejì. Nínú àpò olúkúlùkù wọn ni fóònù wà, láti inú fóònù náà sì ni ìwàásù àwọn tí ń bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn ti ń wọlé ní gbogbo ìgbà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Lóde òní, ẹnìkan lè ju ẹyin náà láti ìlú òkèèrè, kí ó sì fọ́ sí àárín wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé nípa òmìnira ẹnu ni ìjọ fi dúró. Àwọn ajíhìnrere tí ó wọ àwọn ìlú Yorùbá dúró ní ojú ọjà tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì sọ fún onílé pé òrìṣà ilé rẹ̀ kò lè gbà á là. Ọ̀rọ̀ tí ó lè dun ènìyàn ni. Níbi tí àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ti gbà kí wọ́n sọ ọ́ tán, níbẹ̀ ni ìjọ gbé ta gbòǹgbò. Ní 1859, Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn ní èdè wa ní Abẹ́òkúta, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní 1867, nígbà tí aáwọ̀ àárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti Èkó di rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, a ba ilé ìsìn jẹ́, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dákẹ́. Ìjọ tí a ti ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ jẹ́ rí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yára ní kí a ba ti ẹlòmíràn jẹ́.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kejì wà tí ó yẹ kí ìjọ fi etí sí. Ọ̀rọ̀ tiwa náà ti dun ẹlòmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ parí odidi Bíbélì ní èdè Yorùbá ní 1884. Nígbà tí wọ́n kan orúkọ ọ̀tá ọkàn ènìyàn, Èṣù ni wọ́n kọ sílẹ̀. Títí di òní ni àwọn ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe ń sọ pé Èṣù tiwọn kì í ṣe Sátánì; wọ́n ní ìránṣẹ́ Olódùmarè ni, ẹni tí í gbé ẹbọ dé ọ̀run. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè má gba ẹ̀kọ́ wọn gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò yé òun ìdí tí ó fi dùn wọ́n. Ẹ sì kíyèsí ọ̀nà tí wọ́n gbà: wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń gbé pátákó rìn ní ìgboro, wọ́n ń bá àwọn atúmọ̀ èdè jiyàn. Ìwé ni wọ́n fi ń dá ìwé lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé gbèsè wà lọ́rùn wa. Ọ̀rọ̀ náà àlùfáà, ọ̀rọ̀ náà àdúrà, àti ọ̀rọ̀ náà wàásù, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni àwọn baba wa ti gbà wọ́n kí wọ́n tó wọ inú ìwé wa. Ọ̀rọ̀ náà kèfèrí pàápàá, láti èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, a sì yí i padà sọ́dọ̀ àwọn tí ń bọ òrìṣà. A yá ohùn aládùúgbò wa láti fi gbàdúrà, a sì yá a láti fi bú ẹlòmíràn.

Crowther fúnra rẹ̀ mọ bí a ti í bá ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìwé kékeré kan tí a tẹ̀ ní London ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ìtàn wà nípa bí ó ti jókòó pẹ̀lú àwọn ọba àti àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, tí wọ́n bi í ní ìbéèrè, tí ó sì dáhùn. Ibi tí ìwé wọn àti ìwé wa ti pàdé ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ìbí Jésù láti inú wúńdíá, àti Gébúrẹ́lì ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́, kò sì gbé ohùn sókè. Ní 1906, Àlùfáà M. S. Cole, ẹni tiwa, túmọ̀ Àlùkùránì sí èdè Yorùbá, kí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn tó tẹ ìtumọ̀ tiwọn jáde. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ lè jẹ́ láti wàásù fún wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ bá ènìyàn jiyàn tí ó kọ́kọ́ jókòó ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti bọ̀wọ̀ fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tiwa. Ní oṣù kọkànlá 2002, nígbà tí a fẹ́ ṣe ìdíje ẹwà àwọn obìnrin àgbáyé ní Nàìjíríà, obìnrin akọ̀ròyìn kan, Isioma Daniel, kọ ìwé sínú ThisDay tí a ń tẹ̀ ní Èkó. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ nípa Ànábì Muhammad dun àwọn Mùsùlùmí. Àwa kò ní tún un sọ. A sun ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Kaduna. Nígbà tí rúkèrúdò náà yóò fi rọlẹ̀, ó ju 200 ènìyàn lọ tí ó ti kú, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. A sun ṣọ́ọ̀ṣì, a sun mọ́sáláṣí. A gbé ìdíje náà lọ sí London. Igbákejì gómìnà Zamfara kéde pé ẹ̀jẹ̀ akọ̀ròyìn náà tọ́ láti ta sílẹ̀, ó sì sá kúrò ní ìlú.

Láàárín ìbínú yẹn, ìwé ìròyìn náà tọrọ àforíjì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà náà ni ọmọ Ẹ̀gbá kan sọ̀rọ̀: Dókítà Lateef Adegbite, akọ̀wé àgbà fún ìgbìmọ̀ tí ó ga jù lọ fún ọ̀ràn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà. Ó ní ìdájọ́ ikú náà kò tọ́, nítorí pé akọ̀ròyìn náà kì í ṣe Mùsùlùmí, àti pé ìwé ìròyìn náà ti tọrọ àforíjì ní gbangba. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dun òun. Òfin ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó gbé dúró láti fi dá ọwọ́ tí ó mú idà padà. Ẹ̀bẹ̀ láti ẹnu ẹni tí ó kọ̀wé, àti àánú láti ẹnu ẹni tí a ṣẹ̀, ni ó pàdé ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n pàdé lẹ́yìn tí ilé ti jó. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ọ́ kí ilé tó jó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn Mùsùlùmí nìkan ni ọ̀rọ̀ máa ń dùn. Ní ọjọ́ Àjíǹde 2022, Sterling Bank gbé ìpolówó jáde tí ó fi bí búrẹ́dì Agége ti ń wú ṣe àfiwé àjíǹde Olúwa wa. Ó dùn wá. Ẹgbẹ́ àwọn Onígbàgbọ́ ní Nàìjíríà, tí a ń pè ní CAN, bínú, wọ́n sì sọ ọ́. Ilé ìfowópamọ́ náà tọrọ àforíjì, CAN sì dárí jì wọ́n. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, ní Sókótó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa Deborah Samuel, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó fi bú Ànábì. Ààfin Sultan bẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn náà ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ méjì, ìbínú méjì, ní ilẹ̀ kan náà: ọ̀kan parí sí ìdáríjì, èkejì parí sí ibojì. Kí ọkàn wa má ṣe gbéraga nítorí èyí, nítorí pé ní Kaduna ní 2002, ọwọ́ àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Kristi kò mọ́.

Ní oṣù keje 2023 ni ọ̀ràn yìí tún dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilé wa kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ọmọ olórí ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké, ọmọ ilé ìjọ Áńgílíkà ni láti kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá wa dúró nínú ìjọ. Olórin Davido fi àwòrán orin ọmọ abẹ́ rẹ̀, Logos Olori, hàn, nínú èyí tí àwọn ọkùnrin tí ó wọ aṣọ funfun ń kírun, tí wọ́n sì dìde tí wọ́n ń jó. Ó dun ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí; ní Maiduguri, a dáná sun àwòrán olórin náà. Shehu Sani, tí ó ti jẹ́ sẹ́nátọ̀ rí, ní kí ó tọrọ àforíjì. Ṣóyínká ní kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ó jẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀bẹ̀ tí ó yẹ kí a máa béèrè ni ti ẹ̀jẹ̀ irú Deborah. Ní oṣù kan náà, nígbà tí a dí ìyálórìṣà kan lọ́wọ́ láti ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní Ìlọrin, Ṣóyínká kọ lẹ́tà gbangba sí Ẹ́míà Ìlọrin láti gbèjà ẹ̀tọ́ wọn. Olórin náà ní tirẹ̀ yọ àwòrán náà kúrò, kò sì sọ ohunkóhun.

Àwa gbà pẹ̀lú Ṣóyínká pé a kò gbọdọ̀ fi ipá gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí a fi kùmọ̀ gbà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Owó orí ni. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi ohun kan kún un. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lè fi ipá mú wa ni ẹ̀bẹ̀ wa ń níyelórí. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kan, tí ó sì tọ aládùúgbò rẹ̀ lọ láti wí pé, “Mo rí i pé ó dùn ọ́, jẹ́ kí n gbọ́ ìdí rẹ̀,” kò ta ẹ̀tọ́ rẹ̀. Yíyọ àwòrán kúrò ní ìdákẹ́jẹ́ kò tó: ẹni tí ó dùn kò gbọ́ àlàyé, ẹni tí ó ṣe é kò sì gbèjà iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn wà ní Íjíbítì tí ìtàn rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́. Naguib Mahfouz gba ẹ̀bùn Nobel kan náà ní 1988, ọdún méjì lẹ́yìn Ṣóyínká. Mùsùlùmí ni. Ìtàn àròsọ rẹ̀ kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1959 bí àwọn onímọ̀ Al-Azhar nínú, nítorí wọ́n rí àwọn ànábì nínú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Mahfouz kò sẹ́ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé a kò ní tẹ̀ ẹ́ bí odidi ìwé ní Íjíbítì láìjẹ́ pé Al-Azhar fọwọ́ sí i. Beirut ni a ti tẹ̀ ẹ́. Ní 1989, nígbà tí Ayatollah Khomeini ti Iran dá ẹjọ́ ikú fún Salman Rushdie, Mahfouz tako ìdájọ́ náà, bí ìwé Rushdie kò tilẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 1994, ọ̀dọ́kùnrin kan gún un ní ọ̀bẹ ní ọrùn. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò ka ìwé náà rí. Mahfouz yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fi ń kọ̀wé kò bọ̀ sípò mọ́. Ó fi hàn wá pé ènìyàn lè fi sùúrù dúró de aládùúgbò rẹ̀ láìfi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lélẹ̀ fún idà. Ó sì fi hàn pé sùúrù nìkan kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni níbi tí a kò bá ti ká ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi lé ìjọ lọ́wọ́. Èkíní, kí ọ̀pá kúrò nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38 àti 39, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gbàgbọ́ àti láti sọ ohun tí ó gbàgbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn ní ilé ẹjọ́, ó ní ìwé ìròyìn, ó ní ẹnu tirẹ̀. Akọ̀wé ìlú Éfésù pàápàá, tí kì í ṣe Onígbàgbọ́, mọ èyí nígbà tí ó ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà gbé ẹjọ́ wọn lọ síwájú adájọ́, tí ó sì jẹ́rìí pé Pọ́ọ̀lù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bú òrìṣà ìlú náà. Èkejì, kí a jiyàn nípa ẹ̀kọ́ láìsọ ẹlẹ́kọ̀ọ́ di ẹni ẹ̀gàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, kí ó má ṣe dúró de alárinà.

A kò sọ ohun tí a kò dán wò. Nígbà tí a ń kó ìtàn ìjọ yìí jọ, a rí ìwé àwọn olùkọ́ ìgbàanì, nínú èyí tí wọ́n pe àwọn aládùúgbò wa ní kèfèrí, tí wọ́n sì fi àwọn Mùsùlùmí ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a yọ ọ́ kúrò, kí àlàáfíà lè wà. Àwọn kan ní kí a tẹ̀ ẹ́ bí ó ti rí, ẹni tí ó bá dùn kí ó dùn. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ìkẹyìn, a kó àwọn ojú ewé náà, a gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà mọ́sáláṣí àti àwọn àgbà onísẹ̀ṣe kí a tó fi wọ́n lé òǹtẹ̀wé lọ́wọ́. A sọ fún wọn pé a kò ní yọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti kú, ṣùgbọ́n èsì tiwọn yóò wà lábẹ́ rẹ̀ ní ojú ewé kan náà.

Àgbà onísẹ̀ṣe kan ní kí a yọ kèfèrí kúrò. A kọ̀ fún un, inú rẹ̀ kò sì dùn, èsì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà. Àgbà Mùsùlùmí kan ka ojú ewé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ pẹ́, kò sì ní kí a yọ ohunkóhun. Ó ní kí a fi ohun kan kún un: pé ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ìsìn wa, baba baba òun wà nínú àwọn tí ó ru pákó wá láti etí ọ̀sà. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó mọ̀. Kò sí nínú ìwé wa. Bí a bá ti yọ ọ̀rọ̀ èébú náà kúrò ní ìkọ̀kọ̀, a kì bá tí lọ sí ilé rẹ̀, ìtàn pákó náà ì bá sì bá a wọ ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Kí àwọn tí ń kọ̀wé nínú wa kọ̀wé láìbẹ̀rù. Kí àwọn tí ń wàásù wàásù bí ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ wà nínú ilé tí ó ń gbọ́. Kí àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Odógunyàn jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúró sí àárín nígbà tí ìbínú bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Kí Ọlọ́run tí ó pa ìjọ yìí mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún fún wa ní ẹnu tí kò ń bẹ̀rù, àti etí tí kò ń di. Àmín.